Ẹ Má Jẹ́ Kí Orin Ṣáájú Ara: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Eré Àfaraṣe Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Tí ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn bá ti ń sún mọ́lé láwọn iléèwé Kubwa, Nyanya, Lugbe títí dé Gwagwalada, iṣẹ́ kan wà tí àwọn tíṣà fẹ́ràn láti gbé lé àwọn ọmọ lọ́wọ́: ẹ kó ara yín jọ, ẹ dá eré kan sílẹ̀ tí ẹ ó fi ara ṣe láìsọ̀rọ̀, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Kò sí ìwé eré, kò sí ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ìgbésẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni yóò wá gbogbo rẹ̀ rí. Oṣù kan, bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ni wọ́n fún wọn. Nígbà tó bá wá di ọjọ́ náà, ohun tí àwọn òbí máa ń rí kì í sábà ju ijó TikTok tí wọ́n bu ìbànújẹ́ díẹ̀ sí láàárín, tí gbogbo wọn á wá dúró gbagidi níparí bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

Àwọn ọmọ náà kò ya ọ̀lẹ. Wọ́n làágùn, ohùn olórí wọn ti há. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n ti fi ẹnu pinnu ohun gbogbo kí ara tó ráyè dá sí i, nígbà tí ara sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sí ojú tó ń wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ mẹ́nu bà níbí, inú méjèèjì yìí ni wọ́n ti ń jáde. Ẹ̀yin tíṣà ni mò ń bá wí, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́, nítorí ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń jìyà rẹ̀.

Orin tó kọ́kọ́ wọlé

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, wọn ò tíì jókòó tán, ẹnì kan ti yọ fóònù: "Mo ti rí orin tó máa bá a lọ." Gbogbo wọn gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, ó parí. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, orin ló ń darí eré. Òun ló sọ bí eré yóò ṣe gùn tó, òun ló sọ ibi tí wọ́n ó ti yára àti ibi tí wọ́n ó ti rọra, òun ló tún sọ ohun tó yẹ kó dun èrò ìwòran. Olórin ní "ọkàn mi", gbogbo ọwọ́ lọ sí àyà. Olórin ní "omijé", gbogbo ọwọ́ nu ojú. Ohun tí etí ti gbọ́ ni ara wá ń tún sọ, kò sì sí ẹni tó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ ọ́ fún òun lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ fi orin sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kódà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ṣiṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́, tàbí kí ẹnì kan máa pàtẹ́wọ́, kó máa fi ìka lu àga. Nígbà tí ẹ bá ti ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì tó lè dá dúró, ẹ wá gbé orin mẹ́ta tí kò jọra sí i, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ ó rí i pé orin tí ẹ rò pé ó bá a mu jù lọ ló sábà máa ń sọ ọ́ di yẹpẹrẹ. Ìrìn ẹni tó ń sin òkú lọ sí itẹ́, tí ẹ bá fi gángan tó ń dápàárá sí i, àwọn èèyàn á dákẹ́ lójijì, nítorí wọn ò mọ̀ bóyá kí àwọn rẹ́rìn-ín. Dùrù tó máa ń sunkún yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó sinmi. Ó ti ṣiṣẹ́ tó.

Ọ̀rọ̀ ìlù tún yàtọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan á fi ìlù inú fóònù ṣe rìhásà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á wá lọ bẹ àyàn kan láti òde ìgbéyàwó pé kó wá lù ú fún wọn lọ́jọ́ eré gan-an. Ìlù inú fóònù kì í wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àyàn ń wò ó. Tó bá rí i pé ọmọ kan gbé èjìká dáadáa, yóò kì í, yóò tún un lù, ibẹ̀ á sì gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ohun tó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, òun náà ni yóò sì dà yín rú tí ẹ kò bá jọ ṣe é rí. Ẹ pè é wá sí rìhásà méjì ó kéré tán, kí ẹ sì jọ fohùn ṣọ̀kan lórí àmì tí yóò fi parí.

Ìṣirò tún wà ńbẹ̀. Àwọn ọmọ tó kọ́ ijó lórí fóònù mọ kíka ení dé ẹ̀jọ, tí wọ́n ń pín ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí méjì. Kónkóló tiwa, ìró tó ń tún ara rẹ̀ lù lábẹ́ ìlù, ohùn méje ló ní, kón-kón-kó-ló-kón-kó-ló, wọ́n sì pín sórí ìwọ̀n méjìlá tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gba mẹ́ta. Ẹni tó bá ń ka méjì-méjì lé e lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní bá ìlù mu láé, yóò sì máa bá onílù jà pé kò lù ú déédéé. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn ní ìgbésẹ̀ kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fẹnu pe kónkóló, kí wọ́n sì máa rìn sí i títí tí yóò fi wọ̀ wọ́n lára.

Àkòrí tó tóbi ju ẹgbẹ́ lọ

Ní Abuja níbí, ẹ bi ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni eré wọn dá lé, ọ̀pọ̀ á ní "Ìṣọ̀kan Nàìjíríà". Ó yé mi. Kíláàsì kan náà ni ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Tiv, ọmọ Igala àti ọmọ Kano wà. Ṣùgbọ́n kí ni ara fẹ́ fi "ìṣọ̀kan" ṣe? Orúnkún kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣọ̀kan. Nígbà tí wọn ò rí nǹkan ṣe, aṣọ ni wọ́n á sá tọ̀ lọ: ẹnì kan wọ agbádá, ẹnì kan dé fìlà pupa, ẹnì kan wọ babanriga, wọ́n jà díẹ̀, wọ́n dì mọ́ra, àsíá jáde. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́ fún àsíá. Eré ò tíì bẹ̀rẹ̀. Oògùn olóró àti jápa náà ń gba ọ̀nà yẹn: àpótí onítáyà kan, ìyá kan tó ń sunkún, ọwọ́ tí wọ́n ń jù pé ó dàbọ̀.

Ẹ wá ìbéèrè kékeré. Pina Bausch, obìnrin ará Jámánì tó gba àkóso ẹgbẹ́ oníjó ìlú Wuppertal ní 1973, ìbéèrè ló máa ń bi àwọn oníjó rẹ̀. Wọ́n á fi ara tàbí ọ̀rọ̀ dá a lóhùn, nínú ìdáhùn wọn ni yóò ti ṣa èyí tó fẹ́. Ìbéèrè tí ọmọ Abuja lè dáhùn pọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe máa ń jí ẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, kẹ́ ẹ lè bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya? Kí ni ọwọ́ rẹ máa ń ṣe tó o bá dúró de ọkọ̀ ní Berger tí òjò sì ti ń ṣú? Ta ló ń gbé omi wá sílé yín?

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìkẹyìn yẹn. Ní Nyanya, ní Mararaba, àti ní gbogbo àdúgbò tí omi ẹ̀rọ kò dé, mẹ́ruwà kì í ṣe àjèjì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ti ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì omi. Ẹ ní kí àwọn ọmọ ṣe mẹ́ruwà, wọ́n á na apá méjèèjì síwájú, wọ́n á fún ojú pọ̀, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ojú ni wọ́n fi ń ti ọmọlanke. Ẹ wá jáde lọ wo mẹ́ruwà gan-an. Ojú rẹ̀ tutù. Kì í fi apá tì í, ìwọ̀n ara rẹ̀ ló gbé lé e: àyà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin, ìgbọ̀nwọ́ sún mọ́ ìhà. Tó bá ń gun òkè, gìgísẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Tó bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gbogbo rẹ̀ yí padà, òun ló wá ń fà á sẹ́yìn, orúnkún tẹ̀, ìdí rẹlẹ̀, sílípáàsì ń ha ilẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín gígùn àti sísọ̀kalẹ̀ yẹn nìkan, eré ìṣẹ́jú kan ti wà nínú rẹ̀.

Omi inú kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tó kún, kílò 25 ni. Ẹ gbé ọ̀kan wá sí rìhásà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé e la họ́ọ̀lù kọjá, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó sì tún ọ̀nà kan náà rìn lọ́wọ́ òfo nígbà tí èjìká rẹ̀ ṣì ń rántí. (Tó bá jẹ́ ọmọ kékeré ni, ẹ bu omi náà kù sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ò fẹ́ fi eré wá ẹ̀yìn ríro fún ọmọ ọlọ́mọ.) Lẹ́yìn èyí, ẹ ó rí i pé ojú ti dákẹ́, ẹsẹ̀ ló wá ń sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni dídá eré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Rudolf Laban, onímọ̀ nípa ijó àti ìrìn ara, tí wọ́n bí ní 1879 tó sì kú sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1958, fi ìbéèrè mẹ́rin wo bí ara ṣe ń lo agbára: ṣé ó ń lọ tààrà ni àbí ó ń rìn kiri, ṣé ó wúwo ni àbí ó fúyẹ́, ṣé wàrà ló ń ṣe é àbí ó ń fà á, ṣé ó tú ara sílẹ̀ ni àbí ó dì í mú. Ẹ mú ìrìn mẹ́ruwà yẹn, ẹ má yí ohun mìíràn padà, ẹ kàn jẹ́ kó fúyẹ́: ó di ọmọdé tó ń yí táyà ṣeré. Ẹ fà á, ẹ dì í mú: ó di bàbá arúgbó tí wọn ò jẹ́ kó sinmi. Kí mẹ́ta wúwo, kí ẹnì kan ṣoṣo fúyẹ́ láàárín wọn, ìtàn ti wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ọkàn yín kò sì kúrò lórí ìṣọ̀kan, ẹ lè rí i níbí láìsí àsíá. Àwọn obìnrin Gbagyi, tí wọ́n wà lára àwọn onílẹ̀ Abuja, èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù, wọn kì í gbé e lé orí. Àwa ń ṣe òṣùká, a gbé e lé àtàrí, ọrùn nà gbọnrangandan, ojú ń wo ọ̀ọ́kán. Ẹni tó fi èjìká rù ú, ọrùn rẹ̀ á yẹ̀ sápá kan, ìhà kan á gùn ju èkejì lọ. Ẹ jẹ́ kí ara méjèèjì yìí pàdé lójú ọ̀nà tóóró tí ẹnì kan ṣoṣo lè gbà kọjá. Ó yá mi lára láti wo ìyẹn ju babanriga mẹ́wàá lọ.

Oníjó wà nínú kíláàsì, ẹ ń wo YouTube

Wọ́n fẹ́ fi Swange, ijó àwọn Tiv, kún eré. Wọ́n wo fídíò, wọ́n kó ìdí gbígbọ̀n inú rẹ̀, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Ọmọ Tiv jókòó sẹ́yìn níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè. Bóyá òun náà kò mọ̀ ọ́n jó, ṣùgbọ́n ó ní ìyá, ó ní àǹtí, wọ́n sì ní fóònù. Wọ́n á sọ fún yín pé ijó àríyá ni, pé tọkùnrin tobìnrin ló ń jó o ní yíyípo, kì í ṣe ní ìlà kan tó kọjú sí àwọn òbí. Yíyípo yẹn nìkan lè yí gbogbo eré yín padà. Tiv náà ló ni Kwagh-hir, eré ọmọlangidi àti eégún tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá rẹ̀ ní 2019. Ọmọ tó wá láti irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ju ìdí gbígbọ̀n lọ láti fún yín.

Àwa náà ń fi í ṣe ara wa. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Gwarinpa, tí kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí ìyáàlù ń wí, wọ́n á ní kó wá jó bàtá nítorí pé Adébáyọ̀ ló ń jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kọ́kọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú ìlù náà fún un. Èjìká tó mọ ohun tí wọ́n pè é kì í gbọ̀n bákan náà pẹ̀lú èjìká tó kàn ń gbọ̀n.

Ìpàdé tó di ilé ẹjọ́

Wọ́n jókòó, wọ́n ń jiyàn. Wákàtí kan ti lọ, ara ti tutù, àwọn méjì ti ń bá ara wọn kùn. Òfin kan péré ló ń wo èyí sàn: ẹni tó bá ní èrò, kó dìde fi hàn. Ẹ pín wọn sí mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n mú ohun tí wọ́n rí wá.

Ẹnì kan á ní àṣà òyìnbó ni dídá eré láìsí ìwé. Rárá o. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó ìgbà Hubert Ogunde kì í sábà kọ gbogbo ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀, inú rìhásà ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń jáde. Lókè Ọya níbí, láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ eré ní Ahmadu Bello University, Zaria, ti ń jáde lọ sí àwọn abúlé, tí wọ́n ń bá àwọn àgbẹ̀ dá eré sílẹ̀ lórí ìṣòro àwọn àgbẹ̀ náà.

Ẹ má sì kó àwọn tó mọ ijó síwájú kẹ́ ẹ wá fi àwọn yòókù ṣe ògiri lẹ́yìn. Frantic Assembly, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ iléèwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ nípa rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ ijó ló dá a sílẹ̀ ní Swansea ní 1994. Ọmọ tí kò mọ ijó ló sábà máa ń rìn bí èèyàn.

Rìhásà tó ń bẹ̀rẹ̀ látòkè lójoojúmọ́

Èyí ló pọ̀ jù. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú un látìbẹ̀rẹ̀." Wọ́n dé ìdajì, nǹkan bàjẹ́, "ẹ jẹ́ ká tún un mú látìbẹ̀rẹ̀." Lẹ́yìn oṣù kan, ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ ń dán bí dígí, ìṣẹ́jú méjì ìkẹyìn ò tíì rí oòrùn. Òpin gan-an sì ni àwọn èèyàn ń gbé lọ sílé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rìhásà kan látẹ̀yìn: ìṣẹ́jú ìkẹyìn, kí ẹ wá sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ fún oríkèé àárín apá kan sí èkejì ní ọjọ́ tirẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni eré ti ń jò: ta ló ń gbé àga kúrò, ẹsẹ̀ wo ló kọ́kọ́ yọ, ta ló ń wo ta?

Èyí tó tẹ̀ lé e ni "ẹ̀ẹ̀kan sí i!" tí kò ní ìdí. Bí ọmọ bá ṣe àṣìṣe kan ní ìgbà mẹ́wàá, ó ti kọ́ ọ nìyẹn. Kí olórí tó ní kí wọ́n tún un ṣe, kó sọ ohun kan, ohun kan ṣoṣo, tó fẹ́ kó yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n olórí ò lè rí i, nítorí òun náà ń jó. Ẹni tó wà nínú agbo kì í rí agbo. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó síta ní rìhásà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa gbà á fún ara wọn, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ pé kó sọ ohun tó rí, kì í ṣe ohun tó fẹ́ràn. "Mo rí i pé gbogbo yín ń wo ilẹ̀" wúlò. "Ó dùn gan-an" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Fídíò náà dára, àmọ́ ó ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Tí ẹ bá yà á látiwájú kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí WhatsApp fún ẹni tí kò wá, ọwọ́ òsì ẹni inú fídíò ló wà lápá ọ̀tún ẹni tó ń wò ó. Yóò kọ́ gbogbo rẹ̀ ní òdìkejì, yóò sì fi ìgbọ̀nwọ́ kọ lu ẹnì kejì rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá padà dé. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti ya fídíò ìkọ́ni. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fi wo bí eré ṣe rí ni kẹ́ ẹ yà látiwájú.

Ọ̀rọ̀ àkókò kò gbọdọ̀ gùn: ẹni tó ń bọ̀ láti Mararaba á pẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ ní wákàtí tirẹ̀, ẹ ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí oṣù ààwẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti èṣí lọ, nítorí náà ètò ọdún tó kọjá kò ní bá tọdún yìí mu. Tó bá bọ́ sí àárín rìhásà, ẹ kó fífò àti sísáré sí àárọ̀, kí ọ̀sán wà fún kíkà, wíwò àti rírìn jẹ́jẹ́. Tó bá tún bọ́ sínú ooru oṣù kẹta, kò sí ẹni tó yẹ kó máa fò ní aago méjì ọ̀sán, ì báà gbààwẹ̀ tàbí kò gbà á.

Ọwọ́ tó kan ara, ara tó kúrò nílẹ̀

Fífọwọ́ kan ara ń fa ìjà tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ sọ síta. Tíṣà á ní "ẹ dì mọ́ra," ọmọbìnrin tó wọ híjáàbù á dúró, ojú á ti gbogbo èèyàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì tí kò fẹ́ kí ọkùnrin gbá òun mú náà wà níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ní ìdákọ́ńkọ́ kí eré tó dé ibẹ̀, ẹ má sì bi wọ́n ní ìdí. Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní aṣọ. Kí ẹni méjì di etí ìborùn kan mú, kó nà tàntàn láàárín wọn, kí ọ̀kan máa fà, kí èkejì máa tú u sílẹ̀. Ìjà wà níbẹ̀, ìfẹ́ wà níbẹ̀, ìpínyà wà níbẹ̀ tí ẹnì kan bá jù ú sílẹ̀. Nígbà púpọ̀, ó dára ju dídìmọ́ra lọ.

Gbígbé èèyàn sókè ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù. Gbogbo ẹgbẹ́ ló fẹ́ gbé ẹnì kan sókè níparí, orí táìsì líle sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe é, sísọ̀kalẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn ti ń ṣèṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúnkún, lórí mátíráàsì tí ẹ yá láti họ́stẹ́ẹ̀lì. Kí ẹni tó ń gbé tẹ orúnkún, kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ dípò ẹ̀yìn, kó sì mú ẹni náà sún mọ́ra, torí ẹrù tó jìnnà sí àyà ló ń wúwo. Kí ẹni tí wọ́n ń gbé le ara rẹ̀ dáadáa. Ara tó dẹ̀ máa ń yọ̀ lọ́wọ́. Kí ẹni méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n gbá a mú tó bá yẹ̀. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ ní ìparí rìhásà tí ó ti rẹ gbogbo èèyàn, ẹ má sì ṣe é lọ́jọ́ tí ẹnì kan nínú wọn kò wá. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti fi mú ara gbóná, ìrìn, sísáré díẹ̀, yíyí èjìká àti ìbàdí, pàápàá ní àárọ̀ ọyẹ́. Nínara tí ẹ ó dúró sójú kan fún, ẹ fi sí ìparí.

Họ́ọ̀lù tí ẹ kò wò

Ẹ ṣe gbogbo rìhásà nínú kíláàsì tí ẹ kó àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá di ọjọ́ eré, ẹ wọ họ́ọ̀lù. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àga ọ̀rá ni wọ́n tò, bàbá kan tó dé fìlà gíga jókòó níwájú, ogún fóònù gbéra sókè. Ìran tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn, tí ẹ ti ń yí gbiri fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ìlà méjì àkọ́kọ́ ló rí i. Kí olórí lọ jókòó sí ìlà kẹfà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ohun tí kò bá rí, ẹ gbé e sórí bẹ́ǹṣì tàbí kí ẹ yọ ọ́. Èyí tó sàn jù ni pé kí ẹ bẹ tíṣà kó jẹ́ kí wọ́n to àga yí agbo ká, bí wọ́n ṣe ń wo eégún àti ijó láyé àtijọ́. Ó máa ń ṣòro láti gbà, nítorí àwọn àlejò pàtàkì fẹ́ràn tábìlì gíga.

Ẹ má fi iná pípa parí eré. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni, oòrùn ń wọlé látojú fèrèsé, ẹnì kan pa iná, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Àwọn ọmọ dúró gbagidi, wọ́n ń wojú ara wọn. Ẹ wá ìparí tí ẹsẹ̀ lè gbé jáde.

Ní ìgbà ọyẹ́, eruku lórí táìsì máa ń yọ̀. Ẹ nu ilẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kó gbẹ, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ wọ aṣọ eré ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ìró yẹn kò gba ẹsẹ̀ láàyè láti là, pé gèlè yẹn máa já nígbà tí ẹ bá yí, pé píìnì híjáàbù nílò méjì sí i. Kí orin wà nínú fóònù méjì, kí ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn kí ìpè ẹnikẹ́ni má wọlé láàárín eré, kẹ́ ẹ sì ti ṣe rìhásà kan tí ẹnì kan pa orin lójijì láìsọ tẹ́lẹ̀. Iná á lọ, jẹnẹrétọ̀ á pẹ́ kó tó dáhùn, ẹgbẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láìsí orin kò ní dúró dè é.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí wọ́n fún yín sì máa ń dín kù. Àlejò pàtàkì á pẹ́ dé, ọ̀rọ̀ ìkíni á gùn, MC á wá sọ ọ́ sí yín létí pé ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù. Ohun tí ọ̀pọ̀ olórí ń ṣe ni pé wọ́n á ní "ẹ yára ṣe é." Kò sí ohun tó ń pa eré bí ìyẹn, nítorí gbogbo ohun tó wúwo á fúyẹ́, mẹ́ruwà á di ẹni tó ń sáré lé bọ́ọ̀sì. Ẹ pín eré sí apá márùn-ún tàbí mẹ́fà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ èyí tó máa kúrò tí àkókò bá dín, kí ẹ ti ṣe kúkúrú yẹn nínú rìhásà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí orin tirẹ̀ sì wà nínú fóònù lọ́tọ̀. Ijó àjùmọ̀jó tó wà láàárín, èyí tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Àwọn òbí ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí.